Gbèsè Kì í Sọ Ayálégbé Di Onílé: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ ní 1967

Ìpínlẹ̀ Kwara tí a wà yìí wà lára èsì tí ìjọba àpapọ̀ fún ìjọba Ìlà-Oòrùn, tó torí gbèsè gba dúkìá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967 ni Gowon, olórí ìjọba ológun, pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ojukwu, gómìnà Ìlà-Oòrùn, kéde agbègbè rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Biafra. West Central State ni wọ́n kọ́kọ́ pè wá, David Bamigboye ọmọ Òmù-Àrán sì di gómìnà wa.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló ṣáájú. Níbi ìpàdé tí àwọn olórí ológun ṣe ní Aburi, ní Gánà, wọ́n fẹnu kò pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìpakúpa àwọn ará Ìlà-Oòrùn ní 1966 lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ máa gba owó oṣù wọn pérépéré títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1967. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ní àwọn kò rí owó náà gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Lọ́jọ́ 31 yẹn gan-an ni Ojukwu ṣòfin pé gbogbo owó tí wọ́n bá gbà fún ìjọba àpapọ̀ ní Ìlà-Oòrùn, àpò ìjọba rẹ̀ ní Enugu ni kó máa wọ̀. Lẹ́yìn náà ló gba àkóso rélùwéè àti èbúté tó wà lágbègbè rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ni mí, kékeré irú ẹjọ́ yìí sì ń dé ọ́fíìsì mi. Ẹni tó háyà ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà-Ọba tún òrùlé ṣe, onílé kò san owó rẹ̀ padà, ló bá ní òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba owó rẹ̀. Ilé kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé tó jẹ gbèsè náà jẹ̀bi, ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì jẹ̀bi lọ́jọ́ náà.

Ìbọn kọ́ ni ìjọba kọ́kọ́ mú. Ó dá bàálù Nigeria Airways tó ń lọ sí Ìlà-Oòrùn dúró, ó sì dí ọ̀nà owó òkèèrè mọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ onílàjà tí Awólọ́wọ̀ wà nínú rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, Gowon sì gbà láti dẹwọ́. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún yẹn ló tún dí ọ̀nà náà padà. Pípín ìpínlẹ̀ gan-an ni mo kà sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù: Ìlà-Oòrùn di mẹ́ta, etíkun sì bọ́ sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ Rivers àti South-Eastern. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ni ogun tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ti owó. Owó Nàìjíríà tó wà ní báńkì lápá ọ̀hún ti bọ́ sọ́wọ́ Biafra, wọ́n sì lè fi ra ohun ìjà lókè òkun. Láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 1968, ìjọba pààrọ̀ owó. Èyí tí kò bá dé báńkì kí gbèdéke tó pé di bébà lásán. Mi ò rí àléébù nínú ìyẹn, torí ẹni tó ṣe owó ló ní àṣẹ láti yí i padà.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun ni mi ò fara mọ́. Àwọn ará Ìlà-Oòrùn kó owó Biafra lọ sí báńkì, pọ́n-ùn 20 péré ni wọ́n san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún ló kó wá. Ìyá tó ń tajà ní Onitsha kò gba rélùwéè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.