Tí Windows bá gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù òfìfo fún yín: ọ̀rọ̀ prófáìlì tó bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì

Kọ̀ǹpútà tí kò tàn rárá kì í já èèyàn láyà tó èyí tó tàn dáadáa, tó gba pásíwọ́ọ̀dù, tó wá gbé dẹ́sítọ́ọ̀pù kan jáde tí kò sí nǹkankan lórí ẹ̀, gbogbo fáìlì ti pòórá, fọ́tò àwọn ọmọ tí ẹ fi ṣe ẹ̀yìn dẹ́sítọ́ọ̀pù ò sí níbẹ̀ mọ́, Recycle Bin nìkan ló kù lókè. Nígbà míì Windows á tiẹ̀ kọ ọ́ síta pé "We can't sign in to your account", tàbí kó ní User Profile Service ò ṣiṣẹ́, kó má sì jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé rárá. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń pariwo pé iṣẹ́ òun ti lọ. Kò tíì lọ o. Lọ́pọ̀ ìgbà fáìlì yín wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, Windows ni ò rí i gbé wá fún yín.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà ló ní fódà tiẹ̀ nínú C:\Users, òun àti ohun tó wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní prófáìlì, ibẹ̀ ni Desktop, Documents, Downloads àti Pictures wà, AppData náà wà níbẹ̀ àmọ́ wọ́n fi pamọ́. Fáìlì kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ NTUSER.DAT, wọ́n fi òun náà pamọ́, òun ló ń tọ́jú bí ẹ ṣe to nǹkan yín: fọ́tò ẹ̀yìn, prínńtà tí ẹ ń lò, bí Excel yín ṣe máa ń ṣí, gbogbo ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti wọlé, Windows á ṣí fáìlì yẹn sínú registry, ìyẹn ibi tó ń kọ gbogbo ètò ẹ̀ sí, á máa kọ nǹkan sí i títí ẹ ó fi jáde, bẹ́ ẹ bá wá jáde á kọ èyí tó kù, á sì tì í pa. Àsìkò tó ń tì í pa yìí gan-an ló léwu.

Ẹ wo ọ́fíìsì kan l'Alágbàká l'Àkúrẹ́, tàbí bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lójú ọ̀nà Ọba Adéṣidà. Aago mẹ́rin ti lù, gbogbo èèyàn fẹ́ lọ wá ọkọ̀, wọ́n tẹ shut down, kó tó parí iná ti lọ, tàbí kí ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ti sáré pa á torí epo. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ní UPS á kú lójijì, iṣẹ́ tí Windows ń ṣe lórí NTUSER.DAT ò sì ní parí. Fáìlì náà ní fáìlì méjì míì, LOG1 àti LOG2, tó fi ń tún ara ẹ̀ ṣe ṣá, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, àmọ́ ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ò ní ṣeé tún ṣe. Láptọ́ọ̀pù kì í sábà ní irú wàhálà yìí torí bátìrì ẹ̀, àfi èyí tí bátìrì ẹ̀ ti kú tí wọ́n kàn ń fi iná gbé.

Iná nìkan sì kọ́. Háàdì dísìkì tó ti ń darúgbó wà níbẹ̀, antivirus tó di fáìlì mú lásìkò tí Windows fẹ́ ṣí i náà ń fa á, àti update tó já lágbedeméjì. Èyí tẹ́nikẹ́ni kì í fura sí ni C: tó kún dẹ́nu, pàápàá lórí ẹ̀rọ tí èèyàn márùn-ún jọ ń lò tí kálukú ń da fíìmù sí Downloads (a ò dárúkọ ẹnikẹ́ni).

Kí Windows tó gbé ẹnikẹ́ni wọlé, ó kọ́kọ́ máa ń wo ibì kan nínú registry tó ń jẹ́ ProfileList, bí ìwé tí sìkiọ́rítì ń wò ní géètì kó tó jẹ́ kí àlejò kọjá. Nọ́ńbà gígùn ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ. SID ni wọ́n ń pè é, ti èèyàn lásán máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21, lábẹ́ ẹ̀ lẹ máa rí ProfileImagePath tó ń sọ fódà tó jẹ́ ti ẹni náà. Tí prófáìlì ò bá ṣí, Windows lè fi .bak sídìí nọ́ńbà yẹn, kó dá òmíràn sílẹ̀ tí kò ní .bak, kó wá gbé yín sínú fódà onígbà díẹ̀ kan, C:\Users\TEMP.

Ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ níbí. Gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá sẹ́ẹ̀fù sínú TEMP ni Windows máa pa rẹ́ bẹ́ ẹ bá ti jáde. Mọ́mì tó ń ṣe owó oṣù lè jókòó láti àárọ̀, kó tẹ fọ́ṣà lé fọ́ṣà, kó sẹ́ẹ̀fù gbogbo ẹ̀ sí Desktop, kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kò sí ẹyọ kan níbẹ̀, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ tó lọ lóòótọ́. Tí dẹ́sítọ́ọ̀pù yín bá ti ṣe yín ní kàyéfì, ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ %userprofile% sí ibi àdírẹ́sì lókè, ẹ tẹ Enter. Tó bá gbé yín lọ sí TEMP, ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe díẹ̀, ẹ kó o sí fláàṣì kẹ́ ẹ tó jáde.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ tún un tàn, torí tó bá jẹ́ antivirus ló di fáìlì mú, ìyẹn nìkan lè tó. Tí kò bá gbọ́, kí ẹni tó ní àkáǹtì admin wọlé, kó lọ sí fódà yín nínú C:\Users, kó kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì síta kó tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹ wo ààyè tó kù lórí C:. Ẹ ṣe chkdsk C: /f, àṣẹ tó ń yẹ dísìkì wò tó sì ń tún un ṣe, torí tí dísìkì bá ní àrùn, prófáìlì tuntun náà ò ní pẹ́ bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ní apá Application. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà 1511 ló wà níbẹ̀, Windows ò rí prófáìlì yín ló ṣe gbé ti onígbà díẹ̀ wá. 1508 ń sọ pé kò rí registry yín ṣí, ìyẹn le díẹ̀. Fún 1511, ẹ ṣí regedit tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe registry, ẹ kọ́kọ́ export ProfileList (ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀) sí ibì kan, ẹ wá wá nọ́ńbà méjì tó jọra, ọ̀kan ní .bak, èkejì ò ní. Ẹ rí i dájú pé ProfileImagePath ti oní-.bak ń tọ́ka sí fódà yín gangan. Ẹ fi .old sídìí èyí tí kò ní .bak, ẹ yọ .bak kúrò lára èkejì, tí State àti RefCount bá wà lábẹ́ ẹ̀ ẹ sọ wọ́n di 0, kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Tó bá jẹ́ oní-.bak nìkan lẹ rí, ẹ kàn yọ .bak ẹ̀.

Tí NTUSER.DAT fúnra ẹ̀ bá ti bàjẹ́, àfi kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì tuntun, kẹ́ ẹ kó fáìlì yín wá sínú ẹ̀, àmọ́ ẹ má kó NTUSER.DAT mọ́ ọn o, ẹ̀ẹ́ kàn kó àìsàn wọ ilé tuntun ni. Fáìlì .pst ti Outlook, tí ímeèlì yín wà nínú ẹ̀, gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé yín, .ost á tún ara ẹ̀ kọ́ láti sáfà. Pásíwọ́ọ̀dù tí Chrome tọ́jú fún yín lórí ẹ̀rọ yẹn ò ní ṣí níbi tuntun, torí àkáǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi tì í.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn lọ fọwọ́ pa fódà rẹ́ nínú C:\Users, kó rò pé Windows máa dá tuntun sílẹ̀. ProfileList ṣì ń tọ́ka síbẹ̀, TEMP lẹ ó tún bá ara yín. Ẹ tẹ sysdm.cpl sínú Run, ẹ lọ sí Advanced, lẹ́yìn ìyẹn Settings lábẹ́ User Profiles, kẹ́ ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀, á kó fódà àti nọ́ńbà ẹ̀ lọ pa pọ̀.

Tí ẹni tó ti ń lo ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tó jẹ́ àwọn tuntun nìkan ni ò rí i wọ̀, ẹ fi ti registry sílẹ̀, C:\Users\Default ló bàjẹ́, torí inú ẹ̀ ni Windows ti ń ṣe ẹ̀dà fún gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ kó Default láti ẹ̀rọ míì tí Windows ẹ̀ jẹ́ irú kan náà, ẹ fi rọ́pò ẹ̀.