Òjò Kọ́ Ló Ń Lu Ọta Wálẹ̀

Bí òjò bá ń rọ̀ níbi ìdíje ìbọn yíyìn ní Bisley, ní Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọta ẹnì kan sì ṣìnà, àwọn kan á ní òjò ló lù ú wálẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ẹ̀tù ló ti rin, pé kò lágbára mọ́. Ìgbàgbọ́ méjèèjì yìí ló ń jẹ́ kí èèyàn máa ṣọ́ ibi tí ewu ò sí, kí omi sì rí àyè wọ ibi tó léwu gan-an.

Ọta tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 10. Ẹ̀kán òjò tó tóbi gan-an kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan. Kódà ní yáàdì 1,000, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ni ọta máa ń lò lójú ọ̀nà. Atẹ́gùn tó ń bá òjò rìn ló yẹ ká bẹ̀rù, òun ló ń gbá ọta sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ní ìdí tirẹ̀. Ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà mọ̀ pé bí omi bá kan ẹ̀tù, ẹran ti lọ nìyẹn. Nígbà tí Ọbabìnrin Victoria yin ìbọn àkọ́kọ́ níbi ìdíje yìí ní 1860, ní Wimbledon, kí wọ́n tó kó o lọ sí Bisley ní 1890, ẹnu ìbọn ni wọ́n ṣì ń gbà ki ẹ̀tù. Ṣùgbọ́n inú àkọ̀ idẹ tí wọ́n dé pa ni ẹ̀tù kàtíríìjì òde òní wà. Òjò orí pápá kì í tètè débẹ̀.

Ara àkọ̀ idẹ yẹn lọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ̀tù bá gbiná, idẹ náà á wú, á sì di ògiri ihò ọta, ìyẹn ibi tí kàtíríìjì ń wà nínú ìbọn, mú gírígírí. Bó ṣe dì í mú yẹn ń dín agbára tó ń ti ẹ̀yìn kù, kí ó tó kan bóòtù, ìyẹn irin tó ti ìdí ìbọn pa. Bí omi bá wà láàárín idẹ àti ògiri, idẹ á máa yọ̀ bí ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ ṣe ń yọ̀ lára ọmọ odó. Gbogbo agbára náà á já lé bóòtù lórí. Ọta á sì sábà gba òkè ibi tí a fojú sùn kọjá. Òkè ni o! Ẹni tó bá gbà pé òjò ń lu ọta wálẹ̀ á tún gbé ojú ìbọn rẹ̀ sókè sí i, á fọwọ́ ara rẹ̀ ba máàkì jẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti òróró, torí ẹni tó fẹ́ràn ìbọn rẹ̀ ló máa ń ṣe é. Ó gbà pé òróró ń lé omi, ó wá fi pa inú ihò náà. Iṣẹ́ kan náà tí omi ń ṣe níbẹ̀ ni òróró ń ṣe. Ẹ fi pa ara ìbọn lóde bó ṣe wù yín, kó má baà dógùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ihò ọta àti inú ọ̀pá ìbọn mọ́ kí ẹ tó yìn ín.

Ọwọ́ ẹni tó ń yìnbọn gan-an ni omi sábà ń bá wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ọwọ́ ki kàtíríìjì níbẹ̀, lórí ìdùbúlẹ̀, omi á sì máa kán láti etí fìlà àti ọrùn ọwọ́ aṣọ. Ẹ ní tówẹ́lì gbígbẹ kan tó jẹ́ ti ọwọ́ yẹn nìkan. Ẹ dé páálí ọta, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ máa mú. Ẹ ta aṣọ bo ìdí ìbọn, ẹ má sì tètè ṣí bóòtù lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín tán; ẹ fi àkọ̀ tó ti jó sílẹ̀ nínú ihò títí ó fi tó àkókò láti ki òmíràn.

Lee-Enfield, ìbọn àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ló gba ìṣọ́ra jù, torí ẹ̀yìn ni bóòtù rẹ̀ ti ń há, irin gígùn ló sì ń gba agbára tó ń ti ẹ̀yìn náà. Bí ihò rẹ̀ tàbí ọta rẹ̀ bá ti tutù, ẹ má yìn ín títí yóò fi gbẹ.