Ìkọ́ni ní ìwé kíkà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà

Ìkọ́ni ní ìwé kíkà ni iṣẹ́ tí olùkọ́ ń ṣe kí ọmọdé lè dá ìwé kà, kí ohun tó kà sì yé e. Ní Àbújá àti ní Àríwá Nàìjíríà, èdè máa ń pọ̀ lẹ́nu ọmọ kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa tàbí Nyanya lè máa sọ Yorùbá nílé, kó máa fi Haúsá ṣeré ládùúgbò, kó wá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé.

Ìró ni olùkọ́ kọ́kọ́ ń mójú tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ ábídí lórin, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí "bag" lójú pátákó, "bíì, éè, jíì" ni wọ́n á máa pè, ọ̀rọ̀ ò sì ní jáde. Nítorí náà ni olùkọ́ ṣe ń kọ́ wọn ní bí lẹ́tà ṣe ń dún, yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀. Ní Yorùbá, sílébù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tí ọmọ lè pàtẹ́wọ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ló rọrùn jù: bà-tà, àtẹ́wọ́ méjì.

Ìró kan náà kọ́ ni lẹ́tà ń gbé nínú èdè gbogbo. "P" inú "pápá" yàtọ̀ sí ti "pen". "C" Haúsá ń dún bíi "ch" Gẹ̀ẹ́sì. "Fensir" ni Haúsá ń pe pẹ́ńsù. Ọmọ lè gbé ìró èdè kan wọnú òmíràn; irú àṣìṣe báyìí kì í ṣe àìmọ̀kan, kò sì yẹ ká torí rẹ̀ na ọmọ.

Àmì ohùn náà ṣe pàtàkì. Bí ọmọ bá ka "Bàbá gbé ọkọ́ lọ sóko" sí "ọkọ̀", gbólóhùn méjèèjì ló nítumọ̀. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í sáré já a lẹ́nu. Á nàka sí àmì orí lẹ́tà náà, á ní kó tún un kà.

Ní ti èdè tó yẹ ká fi kọ́ ọmọ, iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, darí ní Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí fífi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Láti mọ̀ bóyá ìwé yé ọmọ, olùkọ́ máa ń ka ìtàn sókè, á dúró láàárín, á béèrè ohun tó kàn, bí a ṣe ń ṣe nídìí àlọ́. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà lè ní kí ọmọ fi Yorùbá tún ìtàn náà sọ fún òun nírọ̀lẹ́.