Àbájáde Iṣẹ́ Abẹ VVF

VVF lorúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ fún ihò tó lu àárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara obìnrin, tí ìtọ̀ á wá máa ro tọ̀sán-tòru láìjẹ́ pé obìnrin náà fẹ́ tọ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, ìrọbí tó pẹ́ jù ló sábà máa ń fà á: orí ọmọ á há, á fún àpò ìtọ̀ mọ́ eegun ìbàdí, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè dé ibẹ̀, ẹran náà á kú, tó bá di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ á já bọ́, ihò á wá kù síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìfun ìdí ló lu, RVF nìyẹn. Ní Nàìjíríà, iye tí wọ́n sábà máa ń pè ni nǹkan bí 12,000 ẹni tuntun lọ́dún, àmọ́ ìfojúbù ni o, torí ọ̀pọ̀ ò dé ọsibítù rárá.

Ihò tó dí àti ara tó gbẹ

Ohun méjì ni wọ́n ń wò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tó bá pò ó pọ̀ á ṣi àbájáde kà. Ṣé ihò ti dí? Ṣé obìnrin náà ti gbẹ? Ihò lè dí pinpin kí ìtọ̀ ṣì máa jò tó bá wúkọ́, tó rẹ́rìn-ín tàbí tó gbé korobá omi, torí pé iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró ti bàjẹ́ látìgbà ìrọbí. Ìlànà tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) gbé jáde ní 2006 ní ó yẹ kí ọsibítù lè dí ihò 85 nínú 100 tí wọ́n bá rán nígbà àkọ́kọ́, kí 90 nínú 100 àwọn tí tiwọn dí sì gbẹ. Ẹ ṣírò ẹ̀, nǹkan bí 76 nínú 100 ló máa gbẹ lóòótọ́, ìyàtọ̀ 85 sí 76 yẹn ò sì kéré lójú ẹni tó ń fọ ìró lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ò le. Nọ́ọ̀sì á ki gọ́ọ̀sì (aṣọ funfun tí wọ́n fi ń nu egbò) mẹ́ta tẹ̀léra sínú ojú ara, á gba inú kátétà (róbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa ìtọ̀ jáde) fi omi aláró búlúù kún àpò ìtọ̀, á ní kí obìnrin náà rìn díẹ̀ kó sì wúkọ́. Tí wọ́n bá fà wọ́n jáde, tí ti òkè tàbí ti àárín ní búlúù, ihò ṣì wà. Tó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ nìkan ló ní in, ojú ìtọ̀ ló gbà jò. Tí ti òkè bá tutù àmọ́ tí kò ní àwọ̀ kankan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ọ̀nà tó ń gbé ìtọ̀ wá látinú kíndìnrín ló lu.

Ohun tó ń pinnu ẹ̀

Bí ihò ṣe tóbi tó ni aráàlú máa ń kọ́kọ́ béèrè, bẹ́ẹ̀ ibi tó wà ló ṣe pàtàkì jù. Nínú ìpínsísọ̀rí tí Judith Goh, dókítà ará Ọsirélíà, gbé kalẹ̀ ní 2004, bí ihò ṣe jìnnà sí ojú ìtọ̀ tó ni wọ́n fi ń pè é ní oríṣi 1 sí 4: èyí tó jìnnà ju sẹ̀ńtímítà 3.5 lọ ni 1, èyí tí kò tó 1.5 ni 4, ti 4 yìí ló sì máa ń ṣòro jù láti gbẹ. Àpá náà ńkọ́? Ẹran tó rọ̀ máa ń gba abẹ́rẹ́, èyí tó ti di àpá le bí awọ, okùn ò dúró nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrán àkọ́kọ́ fi ní àǹfààní jù, ìgbàkigbà tí wọ́n bá tún un rán ni àpá ń pọ̀ sí i.

Kátétà

Iṣẹ́ abẹ lè má ju wákàtí kan tàbí méjì lọ, kátétà ló ń pinnu èyí tó kù, àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ló sì ni apá yìí. Ó gbọ́dọ̀ máa ro láìdáwọ́ dúró. Tó bá ká kọ́ lábẹ́ itan, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì dí i, àpò ìtọ̀ á kún, ojú ìrán á fà ya, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní kí aláìsàn máa mu omi títí ìtọ̀ inú ike á fi mọ́ bí omi òjò, wọ́n á sì máa fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì wò bóyá ó tutù. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, Nàìjíríà wà níbẹ̀, tí Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, tẹ̀ jáde ní 2015, fi ọjọ́ 7 wé ọjọ́ 14 láàárín obìnrin 524, ọjọ́ 7 ò sì burú jù. WHO wá ní ọjọ́ 7 sí 10 ti tó fún ihò tí kò díjú.

Kátétà nìkan tiẹ̀ lè wo ihò kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lu, láìgbé ọ̀bẹ. Kees Waaldijk, dókítà ará Nẹ́dálándì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Katsina ní 1983, ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n má dúró oṣù mẹ́ta bí ìwé àtijọ́ ṣe wí. Nínú obìnrin 1,716 tó tètè tọ́jú, tí àwọn kan gba kátétà nìkan tí àwọn kan gba abẹ, nǹkan bí 95 nínú 100 ni ihò wọn dí nígbà àkọ́kọ́. Ọwọ́ ẹnì kan tó mọṣẹ́ gan-an ni o, kò dájú pé gbogbo ọsibítù á rí irú ẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Dókítà James Marion Sims ní Alabama, Amẹ́ríkà, ni ìwé máa ń dárúkọ, torí ó fi wáyà fàdákà rán ihò kan tó dí ní 1849. Ara àwọn obìnrin ẹrú ló ti kọ́ ọ láìfún wọn ní oògùn akunnilóorun, ọ̀kan nínú wọn, Anarcha, gba abẹ nǹkan bí ìgbà 30. Ní 2018 wọ́n gbé ère Sims kúrò ní Central Park, New York. Ní UCH Ìbàdàn, dókítà John Lawson náà ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí VVF, òun ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ipò ìdojúbolẹ̀ tí àwọn dókítà kan ń lò láti rí ihò tó fara pamọ́ sẹ́yìn eegun.

Lẹ́yìn ìtọ́jú

Wọ́n máa ń ní kí tọkọtaya yẹra fún ìbálòpọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, CS ni wọ́n sì ń gbani níyànjú láti fi bí oyún tó bá tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ àwọn kan ṣì máa ń wọ́ nílẹ̀, ìrọbí tó pẹ́ jù yẹn náà ló fà á.

Ihò tí ọ̀bẹ dá sílẹ̀

CS àti iṣẹ́ abẹ yíyọ ilé ọmọ náà lè fa ihò tí ọ̀bẹ tàbí okùn bá ṣèèṣì kan àpò ìtọ̀. Nínú obìnrin 5,959 tí wọ́n rán ihò wọn ní orílẹ̀-èdè 11 láàárín 1994 sí 2012, nǹkan bí 13 nínú 100 ló jẹ́ irú èyí. Òkè ló sábà máa ń wà, ojú ìtọ̀ ò fara gbá, torí náà tó bá ti dí, ó máa ń gbẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀nà tó ti kíndìnrín wá ni wọ́n gé tàbí tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn, wọn ò lè gba ìsàlẹ̀ tún un ṣe, ikùn ni wọ́n máa là láti lọ gbin ọ̀nà náà padà sínú àpò ìtọ̀.