Kí ló dé tí ẹgbẹ́ fìlọ́sọ́fì kan fi ń gbèrú, tí òmíràn sì ń tú ká?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ fìlọ́sọ́fì, ìyẹn àwọn tó ń pé jọ láti jíròrò àwọn ìbéèrè ńlá nípa ìgbésí ayé, lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èèyàn rẹpẹtẹ, kó sì ṣẹ́ku ẹni mẹ́ta láàárín oṣù díẹ̀. Ṣé àìsí ọ̀mọ̀wé ló fà á?

Rárá. Ọ̀mọ̀wé tí kì í gbọ́ tẹnu ẹlòmíràn tilẹ̀ máa ń tètè tú ẹgbẹ́ ká. Ìbéèrè tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló sábà ń pa á. Bí ẹ bá kéde pé "Òmìnira" lẹ fẹ́ jíròrò, ẹnì kan á sọ ti òṣèlú, èkejì á sọ ti ìgbéyàwó, wákàtí méjì á sì lọ láìsí ẹni tó dá ẹnì kejì lóhùn. Ẹ sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè gbà tàbí kó kọ̀: "Ẹni tí ebi lé dé ìdí iṣẹ́ tí kò fẹ́, ṣé ó ṣì lómìnira?" Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn gidi ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Èèyàn mélòó ló yẹ kó jókòó?

Mẹ́jọ sí méjìlá. Bó bá ti ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, àwọn onítìjú kì í lanu mọ́. Ẹgbẹ́ ìjíròrò Junto tí Benjamin Franklin, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní ìlú Philadelphia lọ́dún 1727 kò gbà ju èèyàn 12 lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹ́ mú ọ̀rẹ́ wọlé, wọ́n ní kí kálukú lọ dá ẹgbẹ́ kékeré tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún ń gba owó ìtanràn kékeré lọ́wọ́ ẹni tó bá ta ko ẹlòmíràn ní tààrà. Ẹ lè yọ ti owó ìtanràn kúrò, kí ẹ mú ọgbọ́n ibẹ̀: kí ẹnikẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ tún un sọ títí ẹni tó ni ín á fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí."

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí a kàwé kí a tó wá?

Ó sàn kí ẹ má fi ṣe dandan. Ẹni tí kò ráyè kà á ń jókòó sílé nítorí ìtìjú. Ojú ìwé méjì tí ẹ kà sókè níbẹ̀ ti tó.

Ìbéèrè: Kí ni iṣẹ́ olùdarí ìjíròrò gan-an?

Kó má sọ èrò tirẹ̀. Leonard Nelson, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì, tẹnu mọ́ èyí nínú àsọyé rẹ̀ lọ́dún 1922: olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbé ìdáhùn lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Olùdarí á béèrè àpẹẹrẹ kan tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbẹ̀, gbogbo yín á sì máa padà sórí rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà fò lọ sójú ọ̀run. Ìṣẹ́jú méjì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ sì ṣáájú ẹni tó ti sọ. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, kó rọra ka ení dé ẹ̀wá nínú ọkàn rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni èèyàn fi ń ronú, aláìní-sùúrù ló ń bà á jẹ́.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu ńkọ́?

Ẹ má bá a wí lójú agbo. Ẹ fi í ṣe akọ̀wé ìpàdé tó kàn. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀ kò lè má gbọ́ ọ.