Purotéènì láti ara kòkòrò àìfojúrí

Purotéènì láti ara kòkòrò àìfojúrí ni èyí tí à ń rí nígbà tí a bá sin ìwúkàrà, bakitéríà, olú wẹ́wẹ́ tàbí álígì, ìyẹn ohun tí í sọ ojú omi adágún di àwọ̀ ewé, láti fi ṣe oúnjẹ ènìyàn tàbí ti ẹran ọ̀sìn. Ara kòkòrò náà gan-an ni jíjẹ. Ìdí nìyí tí a kì í fi í ka irú mọ́ ọn: bakitéríà ló ń sọ hóró igi irúgbá di irú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú hóró náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú purotéènì rẹ̀ ti wá.

Kíákíá tí wọ́n fi ń pọ̀ ló mú kí àwọn onímọ̀ yà sí wọn. Ìwúkàrà tó bá rí ṣúgà, afẹ́fẹ́ àti nitrogen lò dáadáa lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí a bá gbẹ ẹ́, nǹkan bí ìdá 45 sí 55 nínú 100 ara rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Ti bakitéríà mìíràn a máa kọjá 60.

Ìtàn rẹ̀ ní ṣókí

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Kanem lẹ́bàá Adágún Chad ti ń ré spirulina, irú álígì kan, kúrò lójú omi, tí wọ́n ń sá a sórí iyanrìn, tí wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Jámánì sin ìwúkàrà láti dípò oúnjẹ ẹran tí kò ráyè wọ̀lú mọ́. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ epo BP bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó wá láti inú epo rọ̀bì bọ́ ìwúkàrà; lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mẹtánọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olómi kan, bọ́ bakitéríà, ó sì sọ oúnjẹ ẹran tó tibẹ̀ jáde ní Pruteen. Sóyà tí owó rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ ló lé e kúrò lọ́jà.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ní Àkúrẹ́

Ní Àkúrẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti epo rọ̀bì, ti èèpo ẹ̀gẹ́ ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe gàrí, òkìtì èèpo kì í wọ́n lẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ a jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ìyókù a jẹrà.

Ní 2006, Ganiyu Oboh ti Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, tí gbogbo èèyàn ń pè ní FUTA, tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí èèpo yìí. Ìwúkàrà Saccharomyces cerevisiae àti àwọn bakitéríà Lactobacillus ni ó fi sínú ẹ̀gẹ́ rírin. Nígbà tó kan tán, omi tó fún jáde lára rẹ̀ ni ó fi po èèpo fún ọjọ́ 7. Purotéènì èèpo náà kúrò ní 8.2 nínú 100, ó di 21.5. Sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, já wálẹ̀ láti mílígíráàmù 44.6 sí 6.2 nínú kílò kan. Omi ẹ̀gẹ́ yẹn ló yẹ kí a tẹjú mọ́ jù nínú iṣẹ́ náà: ohun tí àwọn oníṣẹ́ gàrí ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ ló di èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro. Wọn a fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára èèpo, wọn a gé e wẹ́wẹ́, wọn a sá a kí omi ara rẹ̀ fà díẹ̀, wọn a wá wọ́n omi ìwúkàrà sí i, wọn a kó o sínú ike, wọn a dé e. Bí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á bá a tó ń gbóná, òórùn rẹ̀ á sì máa kan bíi ti fùfú. Ibi tó bá hu nǹkan aláwọ̀ ewé rúsúrúsú, dídà nù ló yẹ ẹ́, nítorí ó lè jẹ́ Aspergillus flavus, olú wẹ́wẹ́ tó ń pèsè májèlé aflatoxin. Ojú lásán kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Bí a ṣe ń ka iye purotéènì

Iye purotéènì inú irú èèpo bẹ́ẹ̀ gba kíkà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nitrogen ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n, tí wọ́n á sì fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n nitrogen wà nínú DNA àti RNA náà, ìyẹn àwọn èròjà tó ń gbé àbùdá ohun abẹ̀mí, àwọn yẹn kì í sì í ṣe purotéènì.

Ìkejì tún wà. Ká ní èèpo gbígbẹ kílò 100 ní purotéènì kílò 8. Bí àwọn kòkòrò bá jẹ kílò 40 nínú sítáàṣì rẹ̀, tí ó sì bá afẹ́fẹ́ lọ, kílò 60 ló kù. Kílò 8 nínú 60 ti lé ní ìdá 13 nínú 100 nìyẹn: iye ti gòkè, purotéènì kò sì fi gíráàmù kan lé sí i. Ìwúkàrà kò lè mú nitrogen láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ purotéènì tuntun ní láti bu yúríà tàbí iyọ̀ ammonium, tí nitrogen wà nínú wọn, sí i. Nítorí náà, ìwádìí tó bá sọ iye èèpo tó wọlé àti iye tó jáde ṣe é gbára lé ju èyí tó sọ ìdá nìkan.

Èèpo kòkó

Ní ìhà Oǹdó àti Ìdànrè, èèpo kòkó ló ń ṣẹ́kù sóko. Wọ́n ń sun díẹ̀ nínú rẹ̀, eérú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ó yi ju èèpo ẹ̀gẹ́ lọ, ó sì ní theobromine, kẹ́míkà inú kòkó tó lè pa ẹran ọ̀sìn lára, nítorí náà olú tó lè jẹ igi ló yẹ ẹ́ ju ìwúkàrà lọ.

Jíjẹ rẹ̀

Purotéènì ìwúkàrà ní lysine dáadáa, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, èyí tí àgbàdo kò ní tó. Methionine, irú èròjà bẹ́ẹ̀ mìíràn, ló kéré nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi dípò ẹja lílọ̀ nínú oúnjẹ adìyẹ tàbí ti ẹja àrọ̀ ní láti wá methionine kún un.

Fún ènìyàn, RNA ni ìṣòro. Ara wa ń sọ apá kan rẹ̀ di ásíìdì yúríìkì. Bó bá pọ̀ jù, a máa kó sí oríkèé, a sì máa fa àrùn gáòtù. Gíráàmù 2 lójúmọ́ ni àwọn onímọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n DNA àti RNA tí àgbàlagbà lè jẹ láti inú oúnjẹ báyìí. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé Fusarium venenatum, olú tí a fi ń ṣe Quorn, oúnjẹ tí a ń jẹ dípò ẹran, tó dé ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1985, sínú ooru tó lé ní 60°C kí RNA rẹ̀ lè dínkù. Ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn ní ensáìmù tó ń tú ásíìdì yúríìkì ká, èyí tí ènìyàn kò ní. Adìyẹ kò ní in, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òun ń gbà yọ ìdọ̀tí ara kúrò nìyẹn tẹ́lẹ̀: nǹkan funfun tó máa ń wà lórí ìgbẹ́ adìyẹ, ásíìdì yúríìkì ni.