"Wọ́n tún ti yí ohùn padà": ṣé irọ́ ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pa nígbà àjàkálẹ̀ flu?

Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan máa ń gba Bódìjà dé Òjé n'Ìbàdàn, á sì bá èrò wọ ọkọ̀ ní Mólété: "Ohun tí wọ́n sọ lánàá kọ́ ni wọ́n ń sọ lónìí. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀." Ìgbàgbọ́ yìí léwu, torí ẹni tó bá tìtorí ẹ̀ di etí sí rédíò lè pàdánù ìkìlọ̀ tó kan òun gan-an.

Ibi tí nọ́ńbà ti ń wá ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹ jẹ́ ká gbà pé flu tuntun wọ Ìbàdàn. Ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà? Ẹni tí wọ́n gbé dìgbàdìgbà wọ ilé ìwòsàn UCH tàbí Adéọ̀yọ́ ni, ẹni tí kò lè mí dáadáa mọ́. Ìyá aláta tó húkọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin ní Ọjà Ọba, tó mu àgbo, tó fi òrí para, tó sì padà sídìí àtẹ rẹ̀, kò sẹ́ni tó kà á, torí kò sẹ́ni tó ti owú bọ imú rẹ̀ láti ṣàyẹ̀wò. Bí èèyàn 10 bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí 2 sì kú, ìṣirò ọjọ́ náà á fún wa ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò wò, kí wọ́n wá rí i pé èèyàn 990 mìíràn ti ní in tó sì ti kọjá lára wọn. Òkú ṣì jẹ́ 2, ṣùgbọ́n nínú 1,000 ni báyìí. Ìdá 20 ti di ìdá 0.2. Àrùn náà kò yí padà, ẹni tó ṣírò kò sì purọ́. Àwọn tí a kò rí tẹ́lẹ̀ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

Nọ́ńbà lè lọ sókè náà. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí lè kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń kú sílé láìṣe àyẹ̀wò. Flu H1N1 ti 2009 fi èyí hàn kedere. Oṣù kẹrin ni ìròyìn rẹ̀ jáde láti Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn. Nígbà tí wọ́n fi kéde òpin rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2010, òkú tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 18,500. Ní 2012, àwọn olùwádìí tó ṣírò àwọn tí kò ṣàyẹ̀wò mọ́ ọn gbé iye òkú ọdún àkọ́kọ́ sí àárín 151,700 sí 575,400. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Àlàfo tó fẹ̀ báyẹn kì í ṣe ìtìjú, òótọ́ inú ni. Ẹni tó bá dá nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì búra lé e lórí, ni ká ṣọ́ra fún.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà yí ní 2009. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀pọ̀ rò pé àgbàlagbà máa gbà á. Ní oṣù kẹsàn-án, èsì ìwádìí kan jáde láti Ọsirélíà: àgbàlagbà 240 ni wọ́n lò, ó sì hàn pé ẹ̀ẹ̀kan péré, ìwọ̀n máíkrógíráàmù 15, ti fún èyí tó ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó gba ìwọ̀n yẹn ní ààbò tí wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyípadà yìí ṣe pàtàkì gan-an. Inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń tọ́ fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, ó sì ń gbà tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, kò lè kárí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọn ìbá fún ẹnì kan wá tó èèyàn méjì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ṣì ń gba méjì, torí ara rẹ̀ kò tíì fi bẹ́ẹ̀ bá flu pàdé rí.

Àṣìṣe gidi náà máa ń wà. Ní oṣù kẹsàn-án 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé flu wọ Èkó, ojú irin sì gbé e wọ inú ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà àgbáyé nígbà náà gbà pé bakitéríà kan tí Pfeiffer, onímọ̀ ará Jámánì, rí ní 1892 ló ń fà á. Ó di 1933 kí wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà gan-an lára èèyàn, ní Lọ́ńdọ̀nù. Títí dòní, Haemophilus influenzae ni bakitéríà yẹn ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ influenza ni orúkọ flu ní kíkún. Àṣìṣe náà ti wọ inú orúkọ.

Àwọn tó ń kéde náà ní ẹ̀bi tiwọn. Aláṣẹ tó bá sọ lọ́jọ́ kìíní pé "kò séwu kankan" ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ìkéde tó dára a máa sọ ohun tí a mọ̀ àti ọjọ́ tí a mọ̀ ọ́n, ohun tí a kò tíì mọ̀, ìgbà tí a máa padà wá jábọ̀, àti ohun tí aráàlú máa ṣe kó tó dìgbà náà. Bí ọ̀rọ̀ bá yí, kí wọ́n sọ nọ́ńbà àtijọ́, kí wọ́n sọ tuntun, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí láàárín méjèèjì. Ìkéde tó bá rọra pa ti àná rẹ́ láìsọ ìdí ni ìfura tọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa pàápàá ń ṣì wá lọ́nà. "Kòkòrò" là ń pe bakitéríà, òun náà là ń pe fáírọ́ọ̀sì. Bí rédíò bá ní kòkòrò ló ń fa flu, ilé ẹlẹ́gbòogi ni olùgbọ́ máa gbà lọ láti ra Ampiclox, bẹ́ẹ̀ Ampiclox kò lè pa fáírọ́ọ̀sì. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ má fi bò ó. Kó pè é ní fáírọ́ọ̀sì.

Oògùn flu gan-an, oseltamivir, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 48 tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Dókítà ló ń kọ ọ́. Aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 65, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kí wọ́n má dúró wo ọjọ́ kẹta nílé. Bí ibà bá sì ti lọ, tó tún padà, tí ikọ́ wá le ju ti tẹ́lẹ̀, bakitéríà lè ti gun fáírọ́ọ̀sì lẹ́yìn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé onítọ̀hún lọ lọ́jọ́ náà, níbi tí dókítà á ti pinnu irú oògùn apabakitéríà tó yẹ ẹ́.